Àbẹ̀kẹ́ Tí Ṣọ́ọ̀ṣì Wa Gbààwẹ̀ Fún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílùú Ìwó níbí. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e mì, kó má lọ há yín lọ́fun. Nítorí ìwé ìtàn kan ṣoṣo, díẹ̀ ló kù kí ọkọ mi má di díákónì mọ́!

Tíṣà ni mí ní ilé ìwé girama kan. Lítíréṣọ̀ Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Iṣẹ́ wa ò ju pé ká mú ìwé àtijọ́ ká tú u palẹ̀ lọ: irú èèyàn wo ni ẹ̀dá ìtàn yìí, kí ni kókó ọ̀rọ̀, ọgbọ́n wo ni lágbájá fi yí tàmẹ̀dù lọ́kàn padà? Àwọn ọmọ máa ń sùn dáadáa lẹ́nu ẹ̀kọ́ yìí. Mi ò ní purọ́, oorun máa ń kun èmi náà nígbà míì.

Mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀nà mẹ́ta la fi ń mọ ẹ̀dá ìtàn: ohun tó ń ṣe, ohun tó ń sọ, àti ohun táwọn ẹlòmíì ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ bá mi fi eléyìí sọ́kàn, torí nǹkan wọ̀nyí náà ni wọ́n padà fi mú ọkọ mi.

Ìwé tí a ń kà ní sáà tó kọjá ti gbó débi pé èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já dànù, a ò mọ ẹni tó kọ ọ́ mọ́. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún ọkọ rẹ̀, obìnrin sì ni. Oníṣòwò ni ọkọ yìí, ọjà rẹ̀ ò sì tà mọ́. Ni ọ̀rẹ́ ọkọ, ìyẹn Àlàó, bá rí àyè wọlé. Àlàó fẹ́ kí ọkùnrin náà lé Àbẹ̀kẹ́ jáde, kó lè fi àbúrò tiẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń bí mi nínú nípa Àlàó? Kì í sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa! Ìbéèrè ló máa ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti kíyè sí i pé àtìgbà tí obìnrin yìí ti wọlé ni ọjà rẹ ti kú? Mi ò ní nǹkan kan lọ́kàn o. Àbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni?" Á béèrè tán, á dákẹ́, á máa wo ilẹ̀. Ọkọ á wá fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìyókù.

Màámi, ìyá ọkọ mi, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò lè kàwé mọ́, àmọ́ etí wọn ṣì pé. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ń múra ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì sílẹ̀, mo máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa ń ka ìwé náà sókè kí àwọn náà lè gbọ́. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Màámi kàn ń ṣe "hùn-ún, hùn-ún." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pa ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà tì. Nígbà tó yá, bí mo bá pẹ́ dé láti ilé ìwé, wọ́n á ti jókòó dè mí lórí àga. Wọn ò ní béèrè bóyá mo ti jẹun. Wọ́n á ní, "Tíṣà, Àlàó ńkọ́? Kí ló tún sọ?"

Alhaja tó ń gbé yàrá iwájú nínú ilé wa náà dara pọ̀. Bó bá ti kírun Àsárì tán, á gbé àpótí rẹ̀ dé. Làwọn méjèèjì bá sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi di kóòtù! Alhaja ní kí lẹ̀ṣẹ̀ Àlàó gan-an? Ṣebí ìbéèrè ló béèrè? Ṣé òun ló ní kí ọkọ gbà á gbọ́? Màámi ní, Alhaja, bí ẹnìkan bá wá bá yín báyìí tó ní ṣé òórùn kan ò máa ti yàrá yín wá, ṣé ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í fín imú? Mo rí Alhaja tó rọra fín imú.

Mo lọ fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ àwọn ọmọ SS2 lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó sùn.

Ẹ jẹ́ n wá fi ọkọ mi hàn yín. Bàbá Tolú ni wọ́n ń pè é, torí Tolú, ọmọbìnrin wa, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Páàtì ọ̀kadà, ìyẹn ẹ̀yà ara alùpùpù, ló ń tà lẹ́bàá títì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, jẹ́jẹ́ ọ̀hún sì pọ̀ jù! Bẹ́ ẹ bá kí i ní "ẹ káàárọ̀," tó bá ti dá yín lóhùn, ọ̀rọ̀ tó máa sọ títí di ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn.

Lọ́dún yìí, ìjọ Onítẹ̀bọmi wa yan Bàbá Tolú mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe díákónì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú. Kò fẹnu sọ ọ́ rí, àmọ́ mo ká a mọ́ níwájú jígí tó gbé kóòtù olóògbé bàbá rẹ̀ wọ̀, tó ń tẹ orí ba bíi pé ó ń gbé àwo Oúnjẹ Olúwa kiri. Mo yọ́ padà sẹ́yìn kó má baà rí mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú mi sì dùn.

Ó wá ku kí ìgbìmọ̀ díákónì pe tọkọtaya wa, kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò. Òfin wọn ni pé ẹni tí ilé rẹ̀ ò bá tòrò ò lè di díákónì. Mo ní kí ló le níbẹ̀? Ilé wa tòrò débi pé aláǹgbá ń sùn ní pálọ̀!

Ní Ọjọ́rú kan, Màámi lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Mi ò lè bá wọn lọ, iṣẹ́ àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì ti kún tábìlì. Wọ́n dé tayọ̀tayọ̀, wọ́n ní àdúrà ọjọ́ náà gbóná. Mo ní Ọlọ́run á gbọ́. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n gbàdúrà lé lórí. Ta ló ń béèrè irú ẹ̀?

Ọjọ́ Ìsinmi dé, nǹkan yí padà. Ìyá kan gbá mi mọ́ra, kò fi mí sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Òmíì di ẹyin sínú láílọ́ọ̀nù fún mi, ó ní kí n rí i pé mò ń jẹun. Ìkẹta di ọwọ́ mi mú, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní Ọlọ́run ń wò. Lásìkò yẹn ohùn mi há, torí wọ́n ti da kíláàsì méjì pọ̀ fún mi, ojú mi sì pọ́n nítorí máàkì. Mo rò pé ìyẹn ló ń ká wọn lára. Mo ní ẹ ò rí ìjọ tó nífẹ̀ẹ́ tíṣà!

Bàbá Tolú ní tiẹ̀ kí àwọn ìyá, wọ́n fi "hẹn" dá a lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn wò ó láti orí dé bàtà. Ìgbà tí a délé, ó la ẹnu, ó ní, "Wọn ò dá mi lóhùn." Ẹ ò mọ bí ìyẹn ti tó. Bí ọkọ tèmi bá fẹnu ara rẹ̀ ròyìn nǹkan, ó ti wọ̀ ọ́ lára gan-an nìyẹn.

Pásítọ̀ wá kéde ààwẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní arábìnrin wa kan wà tí wọ́n ń fi ẹnu dídùn dẹ ọkọ rẹ̀ sí i, tí wọ́n fẹ́ lé e kúrò nílé, òun ò sì ní dárúkọ kí ojú má baà tì í. Áà! Àánú obìnrin yẹn ṣe mí dọ́kàn. Mo gbààwẹ̀! Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, mo fi ohùn tó há yẹn pariwo, "Olúwa, ọkọ arábìnrin yẹn, má jẹ́ kó sinmi! Ohun tó ń wá lójú méjèèjì, jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́!" Bàbá Tolú kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣe "Àmín, Àmín."

Ẹ gbà mí! Èmi ni mo gbàdúrà sí orí ọkọ mi, òun náà sì fi àmín tì í!

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Díákónẹ́ẹ̀sì àgbà, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ìyá, yà sílé wa. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé omi wá. Wọ́n jókòó, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní, ìyàwó wa, ṣé Bàbá Tolú máa ń bá ọ sọ̀rọ̀? Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, ọ̀rọ̀ kẹ̀, mà? Mo ní bó bá ti béèrè iyọ̀, ó ti parí ìjíròrò ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, ṣé ilé ló ti ń jẹun? Mo ní lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ṣọ́ọ̀bù ló ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní, ọjà ńkọ́? Mo ní ọjà ò tà, mà.

Gbogbo ohun tí mo sọ, òótọ́ ni!

Wọ́n wá ní, "Ìyàwó wa, mi ò ní nǹkan kan lọ́kàn o. Ṣé o ti kíyè sí i pé ọkùnrin tó bá ti ń jẹun níta, ó ní ẹni tó ń se é?" Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ń wo ilẹ̀.

Ẹ gbọ́, odindi tíṣà lítíréṣọ̀! Èmi tí mo ti kọ ọgbọ́n Àlàó sójú pátákó, tí mo fa ìlà sí i nídìí! Díákónẹ́ẹ̀sì ò tíì dé ẹnu géètì tí mo ti ń rò ó pé lóòótọ́, ta ló ń se oúnjẹ yẹn? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo yẹ àpò ṣòkòtò ọkọ mi wò. Nọ́ọ̀tì irin ọ̀kadà àti bébà súìtì ni mo bá níbẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ta ló fún un ní súìtì. Mo ní, "Bàbá Tolú, ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún mi?" Ó ronú fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Iyọ̀ ti tán."

Bí ọkàn mi ṣe rí nìyẹn tí ọjọ́ ìgbìmọ̀ fi pé. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Bàbá Tolú wọ kóòtù yẹn. Alága ìgbìmọ̀, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, wọn ò sì tíì fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀ tán lójú. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, èmi kúnlẹ̀. Wọ́n ní ká jókòó. Wọ́n bi í ní ìbéèrè díẹ̀ nípa ìgbàgbọ́, ó dáhùn. Alága wá tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì.

"Arákùnrin, ta ni Àlàó?"

Bàbá Tolú ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni, sà."

Òótọ́ ni! Ẹni tó ń pọ́ǹpù táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Àlàó ni wọ́n ń pè é. Ìlú wo lẹ fẹ́ yà sí nílẹ̀ Yorùbá tẹ́ ẹ ò ní bá Àlàó níbẹ̀?

"Ṣé Àlàó yìí ní àbúrò obìnrin?"

"Ó ní, sà."

"Ṣé o mọ obìnrin náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Òun ló máa ń gbé oúnjẹ wá fún wa ní ṣọ́ọ̀bù."

Yéè! Gbogbo yàrá ké "Jésù!" lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi gan-an yí bìrí sí ọkọ mi. Àbúrò wo? Oúnjẹ wo? Ó ń wò mí bíi pé kò mọ ohun tó ṣe, bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ kò mọ̀ ọ́n.

Díákónẹ́ẹ̀sì wá gbá mi lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́ wa, má sunkún. A wà lẹ́yìn rẹ. Ìyá ọkọ rẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ fún wa."

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́ wo? Àṣàkẹ́ ni oríkì tèmi, mà."

Mo ṣẹ́jú. Àbẹ̀kẹ́. Àlàó. Àbúrò Àlàó. Ọjà tí ò tà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Orí mi là gbàà!

Ṣé ẹ ti rí bó ṣe ṣẹlẹ̀? Ní ìpàdé Ọjọ́rú yẹn, Màámi dìde, wọ́n ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà fún Àbẹ̀kẹ́, Àlàó ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ti ń dẹ ọkọ rẹ̀ sí i kó lè fi àbúrò tiẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n gbádùn." Àwọn ìyá ní níbo ni Àbẹ̀kẹ́ wà? Màámi ní, "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni mo ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀." Ní ilẹ̀ wa níbí, ta ni ìyá ọkọ ń fi oríkì pè nínú ilé? Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni! Kò sẹ́ni tó mọ oríkì mi nínú ìjọ, wọ́n bá gbé Àbẹ̀kẹ́ kọ́ mi lọ́rùn.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Díákónẹ́ẹ̀sì ní, "Ẹ gbé omi wá, ìrònú ti fẹ́ dà á lórí rú!"

Mo yọ ìwé náà nínú báàgì. Mo ní ẹ wò ó, òun rèé, inú ìwé ni Àbẹ̀kẹ́ wà! Mo ṣàlàyé, mo fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, mo ṣí ojú ìwé, gbogbo ọgbọ́n ìyínilọ́kànpadà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà, mo lò ó tán. Alága ò tilẹ̀ wo ìwé náà. Wọ́n ní nínú iṣẹ́ àwọn, àwọn ti rí aya tí ètè rẹ̀ wú, tó ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Wọ́n ní bí mo ṣe ń bo ọkọ mi yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Díákónẹ́ẹ̀sì ní ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ẹkún ṣe há a.

Ẹ rántí ọ̀nà mẹ́ta mi? Ohun tó ń ṣe: ó ń jẹun níta. Ohun tó ń sọ: kì í sọ nǹkan kan. Ohun táwọn èèyàn ń sọ nípa rẹ̀: gbogbo ìjọ ti gbààwẹ̀ lé e lórí. Bí ọmọ SS2 bá kọ ọ́ báyìí fún mi, gbogbo máàkì ni mo máa fún un!

Alága ní, "Arákùnrin, kí lo rí sọ?" Bàbá Tolú la ẹnu, ó pa á dé. Mo fi ẹsẹ̀ tì í lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Mi ò mọ Àbẹ̀kẹ́ kankan, sà."

Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ ò rí i, ó ti ń sẹ́ ìyàwó ẹ̀ níṣojú ẹ̀."

Mo wo ọkọ mi. Ó ń tún bọ́tìnnì kóòtù yẹn dè. Ẹ̀rín mi kúrò. Inú bí mi, ó sì dùn mí, torí mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dá a padà lọ́jọ́ náà, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà, kò ní ṣàlàyé, á kàn gbé kóòtù náà kọ́, kò sì ní gbé e wọ̀ mọ́ láé.

Alága ní kí wọ́n pe Màámi wọlé. Àwọn ìgbìmọ̀ ti ránṣẹ́ sí wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wá jẹ́rìí. Kẹ̀kẹ́ ló gbé wọn wá, Alhaja ló sì fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Alága ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ta ni Àbẹ̀kẹ́?"

Màámi ní, "Àbẹ̀kẹ́ inú ìwé Tíṣà ni."

Díákónẹ́ẹ̀sì ní, "Màmá! Ẹ sì jẹ́ ká gbààwẹ̀? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn ni?"

Màámi gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ta ló bi mí bóyá ó ń mí? Ẹ bi mí níbi tó wà, mo sọ fún yín. Gbogbo àwọn tí pásítọ̀ fi ń ṣe àkàwé lọ́jọ́ Ìsinmi, tẹ́ ẹ máa ń sunkún fún, ṣé ẹ mọ ilé wọn ni?"

Alhaja ní láti ẹnu ọ̀nà, "Òótọ́ ọ̀rọ̀!" Wọ́n ní kó jọ̀ọ́ kó dákẹ́.

Alága ní àwọn gbà, àmọ́ kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìwé fi ká Màámi lára tó bẹ́ẹ̀? Màámi fọwọ́ pa etí ìró wọn. Wọ́n wá ní ọkùnrin kan ti fẹ́ àwọn rí ní Kuta, ìlú tó wà nítòsí wa níbí, kí àwọn tó mọ ẹnikẹ́ni ní Ìwó. Abà iṣu ọkọ náà jóná. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá bi í pé, ṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun yìí? "Ìbéèrè ni o. Kò parọ́ mọ́ mi." Ọkọ náà kó ẹrù Màámi síta. Wọ́n gbé e rù, wọ́n gba ọ̀nà Ìwó, ojú ń tì wọ́n láti kí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

"Kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún mi lọ́jọ́ yẹn. Tèmi ti kọjá. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí wọ́n bá mi gbà á fún Àbẹ̀kẹ́."

Bàbá Tolú ti dìde, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù. Ó ní, "Màámi, ẹ ò sọ fún mi rí."

Màámi fọwọ́ pa á lórí. Wọ́n ní, "Ṣé o béèrè? Ìwọ tí kì í sọ̀rọ̀."

Alága yọ áńkáṣíìfù, wọ́n fọn imú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ arákùnrin wa ti yé àwọn, kò lẹ́bi kankan. Mo rò pé ó ti parí, mo ń kó ìwé mi bọ báàgì. Àfi bí wọ́n ṣe wúkọ́, tí wọ́n ní, "Tíṣà, dúró ná. Ṣé ọkọ Àbẹ̀kẹ́ wá lé e jáde lóòótọ́?"

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò tíì ka ìparí ìwé náà fún Màámi, ńṣe ni mo ń fi falẹ̀, torí mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti fa àga sún mọ́ mi. Mo kà á.

Ó lé e jáde. Yàrá hó "Háà!" Màámi di ọwọ́ Alhaja mú. Àbẹ̀kẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó lọ sí ìlú míì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ aṣọ láró, Ọlọ́run sì bù kún un. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Àlàó àti àbúrò rẹ̀ ti jẹ ọkọ yẹn run, ọkọ náà wá ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ fún un ní omi tútù, ó jẹ́ kó mu ún tán. Ó wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹsẹ̀ mi ni, àbí etí rẹ?" Ó padà sídìí ìkòkò aró rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí.

Ẹ ò rí àríyànjiyàn! Alága ní kókó ọ̀rọ̀ ni pé kéèyàn ṣọ́ ọ̀rẹ́ ṣe. Díákónẹ́ẹ̀sì ní rárá, ìdáríjì ni, ó yẹ kó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ padà sílé. Alhaja, ẹni tó ti ń gbè sẹ́yìn Àlàó láti ọjọ́ yìí wá, ní, "Padà síbo? Ẹ̀yin ẹ máa lọ!" Ká ní àwọn ọmọ kíláàsì mi lè jiyàn báyìí, mo ti di ọ̀gá ilé ìwé.

Màámi nìkan ló jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Àdúrà gbà."

Díákónẹ́ẹ̀sì ní, "Ó gbà báwo, Màmá? Ṣebí wọ́n lé e!"

Màámi na ọwọ́ sí ọkọ mi tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bí wọn ò bá lé mi ní Kuta, ta ni ì bá bí díákónì yín?"

Wọ́n ti fi ọkọ mi jẹ díákónì báyìí. Nígbà tó ń gbé àwo kọjá níwájú wa lọ́jọ́ náà, Màámi ò rí i dáadáa, ni wọ́n bá ní kí n máa ròyìn rẹ̀ fún àwọn, mo sì ń ròyìn rẹ̀ sétí wọn bíi pé mò ń kàwé. Mo tún lọ wo àbúrò Àlàó olóúnjẹ yẹn fúnra mi. Ìyá àgbà ni, gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò ló ń gbé oúnjẹ fún, ó sì fún mi ní súìtì kí n tó lọ!

Ẹ̀kọ́ wo ni mo kọ́? Mo ti fi ọ̀nà kẹrin kún mẹ́ta tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ SS2: ẹ bi ẹni náà fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì, pàápàá bó bá jẹ́ irú ọkọ mi. Ẹni tó bá ń bi yín ní ìbéèrè tó ń wo ilẹ̀, ẹ bi í padà pé kí ló wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìbéèrè wo lẹ́nìkan bi yín rí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé yín ká? Ẹ kọ ọ́ síbí, mò ń dúró. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ sọ irú ẹni tó jẹ́. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa báyìí, bí ẹnìkan bá dìde pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà fún lágbájá, Díákónẹ́ẹ̀sì á kọ́kọ́ gbójú sókè, wọ́n á ní, "Èèyàn ni, àbí ìwé?" Màámi á sì dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn pé èwo ló kàn wọ́n nínú ìyẹn, kí wọ́n ṣáà gbàdúrà.